Bí A Ṣe Gbé Àwọn Ọmọ Kúrò Nínú Gíláàsì Bọ́ Sí Àyà

Ní Àjẹ́gúnlẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, mo di Màmá Nọ́ọ̀sì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹnìkan bá húkọ́ ládùúgbò, ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ṣì ń kàn. N kò bínú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ju kéèyàn wọ aṣọ funfun kó máa gún ará ìlú lábẹ́rẹ́ lọ. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ ló kéré jù níbẹ̀.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí Warehouse Road ní Àpápá. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ń wọlé, ó ń jáde, ebi kò pa wá kú. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo fẹ́, mo ní ibikíbi. Wọ́n bá mú mi lọ sí yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mo rí ọmọ kan tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, mo sì fẹ́ sá padà sọ́dọ̀ ìyá mi.

Ẹni tí kò jẹ́ kí n sá ni Mátírọ́ọ̀nù Òjédélé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ bí kò bá sí nítòsí. Ará Abẹ́òkúta ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè. Kí èèyàn tó fọwọ́ kan ọmọ, ó gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kó wá nà án síwájú Mátírọ́ọ̀nù kí ó gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá gbóòórùn àlùbọ́sà tàbí ìpara, "Padà lọ," ni yóò wí. Kì í pariwo, kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi padà lọ títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó.

Ó kọ́ mi láti gbọ́ ọmọ kí n tó wò ó. Yóò ní kí n dúró láàárín yàrá, kí n dijú. "Èwo nínú wọn ló ti ń rẹ̀?" Èmi yóò dúró bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, màá máa gbọ́ mímí wọn, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, títí n óò fi mọ èyí tó ń fi agídí mí àti èyí tí kò ní wàhálà. Ó kọ́ mi láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, nítorí ẹsẹ̀ ni òtútù kọ́kọ́ ń mú. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń kán omi ọyàn sí wọn lẹ́nu ní ẹ̀kán-ẹ̀kán kó má baà há wọn lọ́fun. Irin tí a fi ń gbọ́ àyà, ó di dandan kó kọ́kọ́ gbé inú àyà tèmi kó tó kan tiwọn. "Irin tútù kò gbọdọ̀ kan ọmọ mi," ni ó máa ń wí. Gbogbo wọn pátá ló ń pè ní ọmọ mi. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹ bi mí bóyá ìdí tèmi gbóná.

Nígbà náà, pákó ni àwọn àpótí tí a ń tẹ́ ọmọ sí kó lè móoru. Káfíńtà ilé ìwòsàn ló kàn wọ́n, gílóòbù iná wà lókè wọn, àwa a sì máa fi aṣọ wé rọ́bà omi gbígbóná, ká há a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ lọ́tùn-ún lósì. Ọdún lọ, àpótí gíláàsì dé láti òkè òkun, tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ara ọmọ ṣe gbóná tó. Ẹ rí wa lọ́jọ́ náà! A ń yí i ká bí ẹbí tí ọmọ wọn ra mọ́tò tuntun. Mátírọ́ọ̀nù nìkan ni kò bá wa yọ̀ jù. Ó fọwọ́ tọ́ gíláàsì náà, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ká ṣì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò wọ́n.

Òfin rẹ̀ kan wà tí kì í yí: ìyá kì í wọlé. Ojú fèrèsé ni ìyá yóò dúró sí, àwa a sì gbé ọmọ sókè díẹ̀ kó rí i. Àìsàn ló ń pa àwọn ọmọ yẹn jù, ọwọ́ ìta ló sì ń gbé e wọlé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọ̀nà Bọ́ndárì ló ti ń wá. Níbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń dúró sí ojú fèrèsé yẹn. Nígbà tó yá, ó ń pa ọjọ́ kan jẹ, ó ń pa méjì jẹ. Ọmọ rẹ̀ ń sanra, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Lọ́jọ́ tí a gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó wo ọmọ, ó wò mí. "Nọ́ọ̀sì, you sure say na my own be this?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó gbé ọmọ náà bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn di ẹrù mú. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti gba ọmọ náà lọ sí ìlú wọn láti tọ́. N kò dá a lẹ́jọ́. N kò sì ní parọ́ fún yín pé gbogbo ìyá ojú fèrèsé ló rí bẹ́ẹ̀; mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi gbé ọmọ wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, tí àwọn àti ọmọ náà kì í ya ara wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin Bọ́ndárì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ó dùn mí.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni dókítà kan, ọmọdé ọkùnrin, ti ìpàdé kan dé láti Ìbàdàn. Ó ní níbòmíràn, àyà ìyá ni wọ́n ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, kí awọ kan awọ, pé ó ń mú wọn móoru, ó sì ń jẹ́ kí ìyá àti ọmọ tètè mọ ara wọn. Mátírọ́ọ̀nù fi sùúrù gbọ́ ọ tán. Ó ní, "A dúpẹ́, Dókítà." Ó bá kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn, àfi lọ́jọ́ tí òjò tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní àsìkò òjò ọdún kan, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru débi pé gìrì mú un, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde ṣáájú àkókò. Ọmọ wà láàyè. Ìyá wà láàyè, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà. Ọkọ rẹ̀, Múfútáù, awakọ̀ tírélà ni. Ó ti tò sórí ìlà àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ wọ èbúté Tin Can fún ọjọ́ pípẹ́ nígbà tí wọ́n pè é, ló bá fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Coconut, lójú ọ̀nà èbúté náà, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà bá òun fojú sí i. Ìyá Múfútáù náà ti dé láti Ìsẹ́yìn. Màmá yìí pè mí sí kọ́rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi máa wò ó jù. Ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó fẹ́ dúró, ká tó so ọkàn wa mọ́ ọn."

Kì í ṣe ìkà. Sìdíkátù ti bí méjì rí tí wọn kò dúró, màmá yìí ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ wọ́n fún ìsìnkú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, kò ṣeé bá wí bó bá ń sá fún okùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó ṣẹlẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, omi ti bo ojú ọ̀nà. A gbọ́ tí ẹ̀rọ iná tó wà ní òpópónà bú gbàmù, gbogbo àpótí gíláàsì wa kú lẹ́ẹ̀kan náà. A dúró de jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò dún, nítorí omi ti wọ ilé tó wà. Ẹni tó sáré lọ sí ilé ìdáná fún omi gbígbóná padà wá pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́: omi ti bo ibẹ̀ náà, èyí tó sì kù nínú àwọn fíláàsì wa kò lè kárí. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ Sìdíkátù. Ó tutù. Mo tún un kàn, bóyá ọwọ́ mi ló ń tàn mí. Ó tutù.

Mo wo Mátírọ́ọ̀nù. Ó dúró láàárín yàrá, ó dijú, ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tó lajú, ó ní, "Ẹ pe àwọn ìyá wọlé."

"Mà?"

"Mo ní kí wọ́n wọlé. Kí wọ́n fọ àyà wọn dáadáa. Kí wọ́n mú òjá wá."

Èmi tí mo ti ń lé àwọn ìyá kúrò lẹ́nu ọ̀nà láti ọdún yìí wá, èmi náà ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó pa òwe yẹn rí nǹkan. Wọ́n wọlé, wọ́n fọ àyà, a bọ́ aṣọ àwọn ọmọ ku ìtẹ̀dí àti fìlà, a gbé wọn sí agbede-méjì ọmú, a fi òjá dì wọ́n mọ́ra gírígírí. Obìnrin kan bí ìbejì. Ó gba Táíwò, ojú rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò gba Kẹ́hìndé. Mátírọ́ọ̀nù bọ́ síwájú. Ó tú bọ́tìnnì aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé Kẹ́hìndé sínú àyà. Èmi tí n kò rí ọrùn obìnrin yẹn rí!

Ọmọ Sìdíkátù ló kù. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ẹnìkejì kí n máa wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, n kò lè gbé e. Mo bojú wo fèrèsé. Bàbá rẹ̀ ló dúró síbẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ wọlé."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, omi dúdú ń ṣàn, dúdú ọwọ́ náà kò lọ. Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ wò ó, kò lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Mi ò lè fi ọwọ́ báyìí kan ọmọ."

Mátírọ́ọ̀nù wò ó láti orí Kẹ́hìndé. "Àyà ni mo fẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ fọ àyà yín."

Bí màmá Ìsẹ́yìn ṣe fò sí ẹnu ọ̀nà nìyẹn. "Háà! Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ẹ̀yìn là á pọ̀n ọmọ sí, ìyá ọmọ ló sì ń pọ̀n ọ́n! Múfú, wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ ogbó ẹ. Ọmọ tá ò tíì mọ̀ bóyá..." Ó gbé ìyókù mì. Ibẹ̀ náà ni fóònù Múfútáù dún, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ròkè débi pé gbogbo wa ló gbọ́. "Múfú! Láìnì ti ń lọ o! Wá gbé mọ́tò ẹ kíá, wọn ò ní dúró dè ẹ́ o!"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Coconut mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ọkọ̀ rẹ kò bá lọ nígbà tí ìlà ń lọ, wọn yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ìlà ni wàá ti tún bẹ̀rẹ̀. Múfútáù wo ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ.

"Kó máa lọ," ló wí, ó sì pa fóònù náà.

A gbé ọmọ sí i láyà. Ó kéré lórí igbáàyà ńlá yẹn débi pé ẹ̀rù bà mí. Aṣọ tí n óò fi dì í ni kò sí, gbogbo òjá ti tán. Mo wo màmá. Màmá wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí ìborùn orí rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo fi dì wọ́n pọ̀.

Mo ń lọ yí ká, mo ń kan ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Múfútáù, kò ní mí títí n óò fi ṣe tán. Ó tutù. Ó ṣì tutù. Nígbà tó yá, kò tutù tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òjò dá, mo kàn án, mo sì dúró síbẹ̀.

"Ó ńkọ́?" Mátírọ́ọ̀nù bi mí.

"Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, Mà."

"Olúwa, mo dúpẹ́," ló wí sókè. N kò gbọ́ kí ó gbàdúrà lẹ́nu iṣẹ́ rí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Títí di ìsinsìnyí, bí wọ́n bá ní ká dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀sán yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí iná dé, a ní kí Múfútáù gbé ọmọ padà sínú àpótí. Ó ní, "Ṣé mi ò ṣe é dáadáa ni?" Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Màmá Ọmọ, òun náà a sì máa jẹ́ wọn lóhùn. Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, màmá Ìsẹ́yìn ní ká ní sùúrù, ká jẹ́ kó jáde nínú àpótí ná. Múfútáù kò dúró. Ọmọ wà láyà rẹ̀, etí rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu bàbá rẹ̀, ó tẹrí, ó pe ìrun sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ní, "Bílíkísù ni ẹ́." Màmá ní, "Áàmín." Ó ń sunkún.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Sìdíkátù lajú, ó lágbára díẹ̀, a gbé ọmọ fún un, ọmọ fi igbe ta. Ó gbé e fún bàbá, ó dákẹ́. Obìnrin náà kọjú sí ògiri. "Kò mọ̀ mí, Nọ́ọ̀sì. Bàbá ẹ̀ ló mọ̀." Mo rántí obìnrin Bọ́ndárì. Ọ̀nà kan kò wọjà. Mo gba síńgílẹ́ẹ̀tì mímọ́ tí Múfútáù fi sùn, mo tẹ́ ẹ sí èjìká Sìdíkátù, mo wá gbé ọmọ sí i láyà. Ọmọ kùn díẹ̀, ó gbóòórùn, ó wá ọ̀nà, ó sì fi etí lé ọkàn ìyá rẹ̀. Ṣé ọkàn yẹn náà kọ́ ló ti ń gbọ́ láti ilé ọlẹ̀? Ó sùn. Lójoojúmọ́ ni a ń ká síńgílẹ́ẹ̀tì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí a kò fi nílò rẹ̀ mọ́. Sìdíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ du ọmọ.

Mátírọ́ọ̀nù kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti yí òfin padà. Ó kàn pe káfíńtà, ó ní kí ó sọ ojú fèrèsé yẹn di ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá tó bá dúró síta ló ń bá jà. "Kí lo ń wá níbí? Ọwọ́ rẹ dà? Ọṣẹ dà?" Bí ẹ̀rọ tuntun ti ń dé sí ni àwọn àyà náà ń pọ̀ sí i, èmi sì rò pé òjá ni ohun èlò tó dára jù tí mo rí lò nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Mátírọ́ọ̀nù ti sùn, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ẹni mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá: gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà tí Bílíkísù jáde ilé ìwé gírámà, mo bi í bóyá nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Rárá o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì tírélà ni mo fẹ́ máa tún ṣe." Mo pariwo, ìyá rẹ̀ ti pariwo tirẹ̀ tán kí n tó dé. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń yọ̀. Coconut ló ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó le bí Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Múfútáù nílé ìwòsàn wa àtijọ́. Mo lọ kí i. Wọ́n ti gbé e jáde ní tíátà, òtútù ń mú un gan-an, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kúbùsù mélòó kan sì ti wà lórí rẹ̀. Sìdíkátù ń ra á lẹ́sẹ̀. Bílíkísù sáré wọlé láti ibi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ọmọdé tó wà níbẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ wo ọwọ́ yín!" Bílíkísù lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?" Múfútáù bi í.

"Èmi ni, Bàámi. Ọwọ́ mi ló dọ̀tí."

"Àyà ni mo fẹ́," ló wí láàárín eyín tó ń gbọ̀n, "kì í ṣe ọwọ́."

Bílíkísù bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó wà lókè ẹ̀wù rẹ̀, ó rọra tẹ̀ bá bàbá rẹ̀, ó fi àyà rẹ̀ lé e láyà, ó sì gbé orí sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tó ń gbé e sí láti kékeré. Nọ́ọ̀sì ọmọdé yẹn wò mí bí ẹni ń bèèrè ohun tí yóò ṣe. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ká kúbùsù sókè, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ Múfútáù. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.